Ìyàwó Wa Dá Aago Dúró

Nílé wa ní Dijon, bí èèyàn bá kú, a máa ń dá aago dúró títí a ó fi sin ín. Màmá ní aago idẹ kan tí wọ́n fi wúrà bò, tí ère obìnrin jókòó lé. Ojú Gilberte, ìyàwó àbúrò mi, kì í kúrò lára ẹ̀.

Lọ́sàn-án Sunday, Màmá sùn lọ sórí àga, kò mira. Kí n tó fọwọ́ kàn án, Gilberte oníwàǹwára ti dá aago dúró. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló jí Màmá.

"Ta ló pa aago mi?"

"Màmá, ẹ má bínú, mo rò pé ẹ ti..."

"O ò rò ó, ò ń retí ẹ̀ ni. Jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́, kó o sì gbé ọbẹ̀ àlùbọ́sà wá. Ebi ń pa òkú."