Àwọn Tó Sùn Lábẹ́ Ilé Ọlọ

Nígbà tí Ẹnjiníà Festus fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba lọ́dún 2001, kò dúró sí Ìbàdàn. Ó kó ẹrù rẹ̀ padà sí ìlú wa, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Iye-Èkìtì, ó sì sọ fún ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú pé òun fẹ́ tún Ilé Ọlọ kọ́.

Ilé Ọlọ ni ilé olókùúta tó wà létí odò nísàlẹ̀ ìlú. Òyìnbó ìjọ kan ló kọ́ ọ láyé àwọn bàbá wa. Ó fi pákó ìrókò ṣe wíìlì ràgàjì kan sára ògiri, omi odò ń yí i, wíìlì náà sì ń yí ọlọ tó ń lọ àgbàdo fún gbogbo abúlé àyíká. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á tì. Igbó bò ó, ejò sì gbà á. Bí a bá bi àwọn àgbà léèrè ohun tó fà á, wọ́n á ní òyìnbó náà ló padà sílùú rẹ̀, wọ́n á sì yí ọ̀rọ̀ sí ibòmíràn.

Festus fẹ́ kí omi tún yí wíìlì náà, kí inú ilé sì di gbọ̀ngàn àṣà, níbi tí àwọn ọmọ ilé-ìwé yóò ti máa kọ́ ijó ìbílẹ̀, tí wọn yóò sì ti máa rí ohun tí àwọn baba ńlá wọn fi ṣiṣẹ́. Ẹgbẹ́ gbà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa wọlé, wíìlì tuntun ti wà lára ògiri, páànù ti wà lórí òrùlé. Ilẹ̀ inú ilé nìkan ló kù.

Bámidélé, bíríkìlà tó gba iṣẹ́ náà, ń gbẹ́ ilẹ̀ yìí kó lè da kọnkéré sí i nígbà tó kan egungun. Ó kọ́kọ́ rò pé ti ẹran ni. Nígbà tó rí agbárí, ó ju ṣọ́bìrì sílẹ̀, ó jáde síta. Wọ́n ránṣẹ́ pe Festus àti Ayọ̀kúnlé, akọ̀wé ẹgbẹ́.

Ayọ̀kúnlé wo inú kòtò, ó fi áńkáṣíìfù bo imú, bẹ́ẹ̀ kò sí òórùn kankan níbẹ̀.

"Ẹnjiníà, ẹ jẹ́ kí wọ́n da kọnkéré lé e. Ọjọ́ ìṣílé ti súnmọ́. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jáde, ta ni yóò wọ ibí wá jó?"

"Èèyàn nìwọ̀nyí, Ayọ̀kúnlé."

"Òkú àtijọ́ ni. Wọn ò mọ̀ wá, a ò mọ̀ wọ́n."

Ìyá arúgbó kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀ṣúnkẹ́mi ni, tó ń dá gbé nítòsí odò. Ilé rẹ̀ làwọn òṣìṣẹ́ ti ń bu omi mu, ẹnu wọn ló sì ti gbọ́. Àpá olóde, ìyẹn àrùn ilẹ̀ gbígbóná, kún ojú rẹ̀ láti kékeré. Gbogbo ìlú mọ̀ pé olóde bá a jà rí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi í rí pé níbo ló wà nígbà náà.

"Ẹ má da nǹkan kan lé wọn," ló wí. "Mo mọ̀ wọ́n. Ulé yìí ni wọ́n kó wa sí."

Festus wá pákó kan fún un jókòó lé.

"Ọdún tí ilẹ̀ gbóná ni," Ọ̀ṣúnkẹ́mi wí. "Òyìnbó ti sá lọ. Ẹni tí olóde bá ti mú, wọ́n á gbé e wá síbí, wọ́n á ti ìlẹ̀kùn láti ìta. Wọ́n ń gba ojú fèrèsé ju iṣu sísun sí wa. Nígbà tó yá, wọn ò wá mọ́. Ẹni tó bá ṣì lókun ń gbẹ́ ilẹ̀ fún ẹni tó kú, títí ó fi ku èmi àti obìnrin kan." Ó gbójú sókè wo Festus. "Moríyọ̀ lorúkọ rẹ̀."

Orúkọ ìyá Festus nìyẹn. Fádípẹ̀, bàbá rẹ̀, ti sọ fún un láti kékeré pé ìyá rẹ̀ bá àwọn oníṣòwò lọ sí Gáná, ó sì kú síbẹ̀. Festus ti lọ dé Kùmásí rí, ó ń bèèrè sàréè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn Yorùbá tó wà níbẹ̀.

"Ìyá, Moríyọ̀ pọ̀ láyé," Festus wí.

"Aya Fádípẹ̀ ni. Fádípẹ̀ ló gbé e wá, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ ti ìlẹ̀kùn. Ọmọ ọwọ́ wà nílé tó fẹ́ kó yè. Ọmú Moríyọ̀ kún fún wàrà, ó ń dùn ún, ó ń ké pe ọmọ rẹ̀. Nígbà tí ebi fẹ́ pa mí, ó fà mí mọ́ra, ó ní kí n mu. Mo ti dàgbà kọjá ọmú, àmọ́ mo mu ún. Mi ò mọ ìgbà tó kú; àyà rẹ̀ ni mo sùn sí. Ọdẹ kan ló gbọ́ igbe mi tó já ìlẹ̀kùn. Wàrà rẹ ni mo mu, Festus. Òun ló mú mi yè."

Bámidélé kọjú sí ògiri. Festus jókòó sórí yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ jáde, tòun ti aṣọ funfun lọ́rùn.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Wọn kì í sunkún òkú olóde. Bàbá rẹ sì bẹ̀ mí. Ó ní bí o bá mọ̀, wàá kọ òun. Nígbà tó kú, o ti di èèyàn ńlá. Mo kàn ń wò ọ́ lókèèrè."

Ìjà ni ìpàdé ẹgbẹ́ fẹ́ẹ̀ dà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Festus ní kí wọ́n sin àwọn òkú náà bí èèyàn, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sára ògiri. Wọ́n gbà fún ìsìnkú, ṣùgbọ́n wọn kò gbà fún ti orúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó jókòó níbẹ̀ ló mọ̀ pé bàbá tiwọn náà ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹnì kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó la ẹnu sọ ọ́. Kò ṣeé ṣe láti mọ egungun Moríyọ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù, nítorí náà pósí kan ni wọ́n kó gbogbo wọn sí. Àwọn tó wá síbi ìsìnkú kò kún bẹ́ǹṣì méjì.

Wọ́n ṣí gbọ̀ngàn náà. Àwọn ọmọ ilé-ìwé jó, wíìlì yí, Ayọ̀kúnlé ka ìtàn ilé náà fún àwọn àlejò, kò sì dárúkọ olóde. Festus kò lọ. Ilé Ọ̀ṣúnkẹ́mi ló wà, ó ń bá a bó ẹ̀gẹ́, ariwo ìlù sì ń dé ọ̀dọ̀ wọn.

"Ìyá," ó wí nígbà tó pẹ́, "ojú ìyá mi ńkọ́? Ta ló jọ?"

Ọ̀ṣúnkẹ́mi dá ọ̀bẹ dúró.

"Mi ò lè parọ́ fún ọ, ọmọ mi. Inú ulé yẹn ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ojú rẹ̀ ti wú kí n tó rí i."