Ẹ Ṣọ́ra fún Àgbàlagbà Tó Gbé Igbá

Bàbá Kàrímù ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò fún ìgbà kẹta láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ti kan ilẹ̀, ẹsẹ̀ òsì ṣì ń ronú. Ó gbá àpò rẹ̀ mọ́ àyà.

"Bàbá," ni Mátíù awakọ̀ wí, "ṣé ẹ̀ ń lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni, àbí ẹ fẹ́ fi ilẹ̀kùn mi ṣe eré ìdárayá?"

"Mò ń lọ."

"Ṣé lónìí náà?"

Bàbá Kàrímù sọ̀ kalẹ̀ tán. Ó wo táyà. Ó wo nọ́ńbà mọ́tò, ó há a sórí. Lẹ́yìn náà ó wo Mátíù fúnra rẹ̀. Ọkùnrin tín-ínrín ni, ọmọ ìjọ Aládùúrà. Àgbélébùú onígi rọ̀ mọ́ dígí ọkọ̀ rẹ̀, ìgò omi àdúrà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ jíà. Nínú fídíò kan tí Bàbá Kàrímù wò lọ́jọ́ Àlàmísì, awakọ̀ tó ta àwọn èrò rẹ̀ fún ajínigbé, òun náà tín-ínrín.

Ọdún Iléyá tó kọjá ni Shamsudeen, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ra fóònù ńlá fún un. Kó tó dìgbà náà, ohun kan ṣoṣo tí Bàbá Kàrímù ń bẹ̀rù ni kí igbá fọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Igbá ló ń fín l'Ọ̀yọ́ láti ọdún mọ́kànlélógójì. Ó ti gun orí ẹrù nínú ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì lọ tà á ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó sì sùn lórí ẹrù náà. Nígbà tí fóònù dé, ó wá mọ ohun tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó rí ọkọ̀ tí wọ́n dá lọ́nà. Ó rí àwọn tí wọ́n dì lọ́wọ́ dì lẹ́sẹ̀. Àwọn tó ń fi fídíò ránṣẹ́ kì í sọ ìlú tó ti ṣẹlẹ̀, wọn kì í sọ ọdún. Bàbá Kàrímù náà kì í bèèrè. Bó bá ti wò ó tán, á fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì kó má baà jẹ́ òun nìkan lẹ̀rù ń bà. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, ayé ti sún kì débi pé kò ju ilé rẹ̀ àti mọ́ṣáláṣí lọ, ara sì ti ń fu ú sí ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pàápàá.

Fóònù onítọ́ọ̀ṣì ni Sìkírátù ìyàwó rẹ̀ ń lò ní tirẹ̀. Ó ti lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti ọ̀sẹ̀ kan, ó lọ wẹ ọmọ. Ó sùn láti Ọ̀yọ́ títí dé ibẹ̀. Ńṣe ni wọ́n jí i lójú oorun nígbà tí ọkọ̀ dúró.

Ràódàt ọmọ wọn ló bímọ. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi wojú Ọlọ́run kó tó rí ọmọ. Òní lọmọ náà pé ọjọ́ mẹ́jọ, Bàbá Kàrímù ni wọ́n sì bẹ̀ pé kó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹnikẹ́ni kò tíì mọ orúkọ náà. Ó ti fín in sára ìdérí igbá kan, igbá tó dára jù lọ nínú gbogbo èyí tó ti fín. Ní agbo ilé wọn, ojú ará òde kì í rí orúkọ ọmọ kí etí ọmọ tó gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tó fi fi aṣọ funfun wé igbá náà, tó dì í, tó tún un dì, kó tó kì í bọ àpò.

Fóònù rẹ̀ dún. Sìkírátù ni.

"Níbo lẹ dé?"

"Mo wà lọ́nà."

"Ọ̀nà ibo? Ẹni tó ń pariwo 'Ògbómọ̀ṣọ́ kan ṣoṣo' lẹ́yìn yín yẹn, ṣé ọ̀nà lòun náà wà?"

Bàbá Kàrímù fi ọwọ́ bo fóònù.

"Bàbá Ràódàt, ẹ gbọ́ o. Alfa ní aago mẹ́wàá. Ó ní ìkómọ mìíràn ní Tákíè. Bẹ́ ẹ ò bá dé, Alhaji Kabir ló máa sọ ọmọ lórúkọ."

Alhaji Kabir ni bàbá ọkọ Ràódàt. Ó ti sọ ọmọ-ọmọ márùn-ún lórúkọ. Mẹ́ta nínú wọn jẹ́ obìnrin, Kabirat sì ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Bàbá Kàrímù padà wọ mọ́tò.

"Ẹ jẹ́ n bá yín gbé àpò yẹn sí búùtù," ni Mátíù wí.

"Rárá."

"Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Igbá."

"Igbá kí ni, Bàbá?"

"Igbá ni."

"Ṣé ẹ lè ṣí i kí n rí i?"

"Ojú kì í rí i."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Mátíù. Ó fọwọ́ kan àgbélébùú rẹ̀, ó sì ṣáná sí mọ́tò.

Ọkùnrin ará Ìkòyí-Ilé kan jókòó níwájú, ó ti ń hanrun kí wọ́n tó jáde nínú gáréèjì. Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Ànúolúwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá Kàrímù, okùn fóònù wà létí rẹ̀ méjèèjì. Bàbá Kàrímù nìkan ló ń ṣọ́nà. Ó rí àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n fi aṣọ bojú. Kòtò ni wọ́n ń dí, eruku ni wọ́n fi bojú fún. Ó rí ẹnì kan tó mú àdá jáde láti inú oko. Ìyẹn kí wọn, ó sì padà sídìí iṣu rẹ̀. Ọ̀kadà kan tẹ̀ lé wọn títí. Nígbà tó yá wọn sílẹ̀, búrẹ́dì ló kó. Bàbá Kàrímù kò ka ìkankan nínú wọn sí àlàáfíà. Ó kà wọ́n sí ewu tí kò tíì tó àkókò.

Wọ́n ń sún mọ́ Odò Ọbà nígbà tí Mátíù gbé fóònù sétí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n etí ẹni tí ẹ̀rù ń bà mú ju ti ajá lọ.

"Alága, ṣé ẹ wà ní Igbó?... Ẹ kó àwọn ọmọ jọ... Ẹnì kan ni. Àgbà ni. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo fi sí... Rárá, kò tíì fura. Igbó ni mò ń gbé e bọ̀ tààrà."

Bàbá Kàrímù gbá àpò rẹ̀ mọ́ra. Ó fi ìgbúnwọ́ kan ọmọbìnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé o gbọ́?"

Ànúolúwa yọ okùn kúrò létí kan. "Kí ni, sà?"

"Ó ní Igbó ni."

"Ẹ̀ẹ́n. Igbó lèmi náà ń lọ, sà." Ó dá okùn rẹ̀ padà sétí.

Bàbá Kàrímù sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀kùn fi dá a dúró. Ọmọ kékeré báyìí! Ó wo ẹni tó ń hanrun níwájú. Ó dá a lójú pé ìhanrun náà kì í ṣe lásán.

Ó rò ó bóyá kí òun bẹ́. Orúnkún rẹ̀ ní kó má dábàá. Ó kéwú títí ó fi tán. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ọmọ wá sí i lọ́kàn, pé wọn yóò máa pe Kabirat kẹrin. Ọdún mẹ́sàn-án! Ó rò pé bí òun bá máa bá igbó lọ, kí orúkọ yẹn má bá òun lọ. Ó tú aṣọ funfun náà díẹ̀, ó gbé ìdérí sókè díẹ̀, ó tẹrí ba, ó sì sọ orúkọ náà jẹ́ẹ́jẹ́ sínú igbá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Nígbà tó gbójú sókè, ojú òun àti ti Mátíù ṣe mẹ́rin nínú dígí.

Mátíù pariwo "Jésù!" ó sì tẹ mọ́tò.

Kò sí kòtò tí wọn kò bọ́ sí. Ìgò omi àdúrà ṣubú, ó dà sí ará Ìkòyí-Ilé lẹ́sẹ̀, ìyẹn kò jí. Bí mọ́tò ti ń sáré sí i, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Kàrímù ń rí i dájú sí i. Awakọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ló ń lé e?

Mátíù tẹ bíréèkì. Àwọn ọkùnrin bíi méje yí mọ́tò ká. Bàbá Kàrímù di ojú. Nígbà tó ṣí i, agbọ̀n tòmátì ló kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn rẹ̀ ó rí àlùbọ́sà, lẹ́yìn àlùbọ́sà ó rí ìsọ̀ kan tí wọ́n fi páànù bò, tó ní òpó tó tẹ̀ sápá kan. Òun fúnra rẹ̀ ló ri òpó náà. Ọdún méjìlélógún ló fi jókòó nídìí rẹ̀ ta igbá.

Ọjà Igbó ni.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀, Bàbá," ni alága awakọ̀ wí láti òkèèrè. "Jẹ́jẹ́. Ẹ gbé igbá yẹn sílẹ̀."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin ni. Ó bá igbá sọ̀rọ̀!" ni Mátíù ń ké. "Ojú mi báyìí ni! Ṣebí wọ́n ti kìlọ̀ fún wa. Ẹ gbọ́ ọ."

Ó gbé fóònù sókè. Ohùn kan jáde, ohùn àgbà, ó dún ketekete:

"Ẹ̀yin èèyàn mi l'Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ ṣọ́ra fún àgbàlagbà tó bá gbé igbá tó fi aṣọ funfun wé. Ẹ má bá a wọ mọ́tò kan náà. Èèyàn ni wọ́n fi ń ṣe oògùn owó. Ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn."

Àbíkẹ́ aláta, tí ìsọ̀ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó tó tẹ̀, na ọrùn.

"Ẹ tún un ṣe ká gbọ́," ló wí.

Mátíù tún un ṣe.

"Ẹ̀yin Bàbá Onígbá," ni Àbíkẹ́ wí, "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ohùn ta ni mò ń gbọ́ yẹn?"

Bàbá Kàrímù wo ilẹ̀. "Èmi ni."

"Ẹ̀yin lẹ ní ká sá fún ẹni tó gbé igbá?"

"Mo rí i nínú fídíò, ni mo bá gba ohùn sílẹ̀."

"Kí sì ni iṣẹ́ yín?"

Ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn alálùbọ́sà, ó ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn awakọ̀. Alága ní kí wọ́n sáà ṣí i kí ọkàn gbogbo èèyàn lè balẹ̀. Bí aṣọ ti tú, Mátíù fò sẹ́yìn, apá rẹ̀ gbá igbá náà. Igbá ṣubú, ó sì fọ́ sí mẹ́rin. Ìdérí yí lọ, ó dúró lẹ́sẹ̀ Àbíkẹ́, ojú tó fín kọ sókè.

"Ẹ má kà á!" ni Bàbá Kàrímù pariwo. Ẹni kankan kò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Wọ́n ti kà á. Àwọn ọmọ ìwé yunifásítì tó ń gbé ní Under G, tí wọ́n wá ra ata, ti kà á sókè. Bàbá Kàrímù bá ṣàlàyé. Ó lo gbólóhùn mẹ́rin, ìyẹn sì pọ̀ fún un.

Àbíkẹ́ fi ìborùn rẹ̀ bo ìdérí náà. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kà á, ẹ gbé e mì," ló wí. "Bó bá jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni kí ọmọ tó gbọ́ ọ, kó má ra ata lọ́wọ́ mi mọ́. Aago mélòó ni ìkómọ?"

"Mẹ́wàá."

"Mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú. Mátíù, kí lò ń wò? Gbé wọn lọ!"

Mátíù gbé e lọ. Kò gba kọ́bọ̀. Lójú ọ̀nà, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ fẹ́ pa mí ni."

"Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nípa tìrẹ."

"Ta ló wá fẹ́ pa ta?"

"A ò tíì rí i."

Alfa ti wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí wọ́n wọlé. Alhaji Kabir ti la ẹnu, lẹ́tà àkọ́kọ́ ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Bàbá Kàrímù gba ọmọ, ó pe ìrun sí i létí, ó sì sọ orúkọ rẹ̀ fún un: Haneefah. Ọmọ náà yán. Ràódàt ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Níta, Mátíù ń bá wọn mú àgbò.

"Ta ló fọ́ igbá?" ni Sìkírátù bèèrè nígbà tí èrò fọ́n.

"Fóònù."

Bàbá Kàrímù lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Mọ́tò Mátíù ló wọ̀ padà, iwájú ló jókòó sí, ó sì sùn títí dé Ọ̀yọ́. Ó ní kí Shamsudeen bá òun pa ohùn yẹn rẹ́. Shamsudeen ní tinú fóònù Bàbá lòun lè pa, òun ò lè pa ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Lóṣù kejì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìlọrin fi ohùn náà ránṣẹ́ sí i pé kó ṣọ́ra.

Ìdérí igbá náà ló kù. Ó wà lára ògiri yàrá Ràódàt, orúkọ wà lára rẹ̀, ó sán díẹ̀ létí.