Iyanrìn Dúdú Inú Ṣòkòtò Bíríkìlà

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ purọ́ nípa ibi tó lọ ní erékùṣù náà, kó má gbé aṣọ rẹ̀ fún obìnrin tí wọ́n ń pè ní Afọṣọmọ̀nà. Alágbàfọ̀ ni. Ó ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú títì, tábìlì ìlọṣọ kan, áyọ́ọ̀nù méjì tí ọ̀kan ti bàjẹ́, àti ọpọ́n ńlá kan tó fi ń rẹ aṣọ. Bó bá ti fọ aṣọ tán, kì í dédé da omi nù. Á rọra yí ọpọ́n náà, á da omi ojú rẹ̀, á wá fi ìka tọ́ ohun tó bá kù nísàlẹ̀ wò.

Erékùṣù náà fúnra rẹ̀ kì í báni bo àṣírí. Òkè kan tó ti ń yọ iná láyé àtijọ́ ló wà láàárín rẹ̀, òkúta ibẹ̀ dúdú kirikiri. Odò tó ń ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ a máa gbá iyanrìn dúdú lọ sí etíkun ìwọ̀-oòrùn. Ní ìlà-oòrùn, níbi tí odò kankan ò dé, ìkarahun tí òkun lọ̀ kúnná ni iyanrìn ibẹ̀, funfun báláú. Tọmọdé tàgbà ló mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní ìlà-oòrùn lòun wà, tí iyanrìn dúdú wá ń jábọ́ lápò rẹ̀, kó yáa lọ wá irọ́ mìíràn pa.

Bíríkìlà lọkọ Afọṣọmọ̀nà. Lẹ́yìn òjò ńlá kan tó rọ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n gbà á síbi ògiri tí wọ́n ń mọ ní ìlà-oòrùn kí òkun má baà jẹ ilẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà fọ ṣòkòtò rẹ̀, ó yí ọpọ́n, ó fi ìka tọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò. Iyanrìn dúdú ni.

Kò pariwo. Ìfura loògùn àgbà. Ó bù ú sínú ọ̀rá kékeré kan, ó so ó, ó fi pa mọ́ sẹ́yìn áyọ́ọ̀nù tó bàjẹ́. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ dé, ó bi í bí ẹni tí kò rí nǹkan kan.

"Bàbá Ìbejì, ibo lẹ ti ṣiṣẹ́ lónìí?"

"Ìlà-oòrùn. Ibo ni ǹ bá tún wà?"

"Ẹ mà pẹ́ o."

"Omi ti gba ọ̀nà wa. A ní láti yípo ni."

Omi! Afọṣọmọ̀nà rẹ́rìn-ín sínú. Òjò ti dá tipẹ́, omi wo ló tún ń gba ọ̀nà? Nígbà tó sì sún mọ́ ọn, ọṣẹ ló gbóòórùn lára rẹ̀. Ó ti wẹ̀ kó tó wálé. Bíríkìlà wo ló ń wẹ̀ níbi iṣẹ́? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tó tún wá ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni pé obìnrin tí ọkùnrin náà kọ́kọ́ fẹ́, tí wọ́n ti kọra sílẹ̀, etíkun ìwọ̀-oòrùn ló ń gbé. Ó ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò fáwọn apẹja, ẹwà rẹ̀ ò sì tíì ṣá, bí Afọṣọmọ̀nà ti ń retí rẹ̀ tó.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ló fọ̀rọ̀ náà lọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò ṣàjèjì sí télọ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá yẹn ni Afọṣọmọ̀nà rí iyanrìn dúdú nínú ṣòkòtò ọkọ télọ̀, dírẹ́bà tó ń kó òkúta lọ síbi ògiri kan náà. Ọkùnrin náà búra títí ẹnu fi bó o. Télọ̀ kó ẹrù ọkọ rẹ̀ síta. Ọkùnrin náà wọ ọkọ̀ ojú omi, ó kúrò ní erékùṣù, kò sì sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀ mọ́.

"Ọ̀rẹ́ mi, kí lo tún ń retí?" Télọ̀ ń fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára aṣọ bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Pańsá ò fura, pańsá já sí iná. Àjà ò fura, àjà jìn. Ibì kan náà ni tèmi àti tìẹ ti ń ṣiṣẹ́, irọ́ kan náà ni wọ́n jọ kọ́ níbẹ̀. Lé e!"

"Jẹ́ kí n fojú ara mi rí i ná."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò fẹ́ lé e. Ó fẹ́ràn ọkùnrin náà, tòun ti ẹnu rẹ̀ tó wúwo àti ọwọ́ rẹ̀ tí sìmẹ́ńtì ti bó. Ẹ̀rù ń bà á pé bóun bá fi lè ká a mọ́, ilé òun ti tú nìyẹn. Ṣùgbọ́n oorun ò kùn ún mọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó ti ṣọ́ọ̀bù. Ìlà-oòrùn ni yóò kọ́kọ́ dé. Bí kò bá bá ọkọ rẹ̀ níbẹ̀, a jẹ́ pé ìwọ̀-oòrùn ló kàn. Ó gbé kúlà oúnjẹ dání, kó lè rí nǹkan wí bẹ́nì kan bá bi í léèrè. Òfìfo ni kúlà náà, àfi ọ̀rá iyanrìn tó sọ sínú rẹ̀, èyí tó fẹ́ dà sójú ọkọ rẹ̀ àti ìyàwó àtijọ́ náà pọ̀.

Ọkọ̀ ò gbé e débẹ̀. Awakọ̀ dúró lójijì, nítorí omi ti gba ọ̀nà lóòótọ́. Odò gidi ló ń ṣàn níbi tí kò ti sí odò rí.

"Kí lèyí?" ó béèrè.

"Ìyá, ẹ ò gbọ́ ni? Òjò ńlá yẹn ló ya ẹ̀gbẹ́ òkè lulẹ̀. Ilẹ̀ tó ya dí odò lọ́nà, odò bá pín sí méjì. Apá kan ṣì ń lọ síbi tó ń lọ tẹ́lẹ̀, apá kejì ló gba ibí yìí."

Ó yípo, ó fẹsẹ̀ wọ́ ẹrẹ̀ títí ó fi yọ sétíkun. Etíkun funfun tó mọ̀ láti kékeré ti dúdú, láti ẹnu odò tuntun náà títí dé ẹsẹ̀ ògiri. Àwọn òṣìṣẹ́ kan wà nínú odò tí wọ́n ń fi ọṣẹ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára. Ọkọ rẹ̀ wà lórí ògiri, ó ń to òkúta.

"Ìyá Ìbejì! Ṣé kò sí nǹkan?" Ó ti sáré sọ̀ kalẹ̀.

"Kò sí nǹkan. Oúnjẹ ni mo gbé wá fún yín."

Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó ronú. Inú ọkùnrin náà dùn débi pé ojú gba obìnrin náà tì. Ó gba kúlà, ó jókòó sórí òkúta, ó ṣí i. Ó mú ọ̀rá náà jáde. Ó wò ó, ó wo etíkun, ó wá wo ojú ìyàwó rẹ̀. Bíríkìlà ò gọ̀, ó mọ ohun tí ìyàwó rẹ̀ máa ń fi ọpọ́n yẹn ṣe.

"Ìgbà wo lo ti ń kó o pa mọ́?"

Obìnrin náà na ọwọ́ láti gbà á.

Ọkùnrin náà tú ọ̀rá, ó da iyanrìn náà sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó lè mọ èyí tó ti ilé wá mọ́. "Mo sọ fún ọ pé omi gba ọ̀nà," ló wí. Ohùn rẹ̀ ò le, ṣùgbọ́n ó dùn ún. "Ò bá kúkú bi mí." Ó gbé kúlà fún un padà. "Ebi ń pa mí o. Tó o bá délé, lọ se nǹkan gidi."

Afọṣọmọ̀nà bú sẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ilé òun ò tú. Ó ti yí padà láti máa lọ kó tó rántí dírẹ́bà, ọkọ télọ̀. Lẹ́yìn òjò ńlá yẹn ni. Ògiri yìí kan náà ni. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu iyanrìn sínú kúlà.

Télọ̀ ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀. "Ṣé o ká a mọ́?"

"Jókòó, ọ̀rẹ́ mi."

Ó ṣí kúlà. Télọ̀ wo inú rẹ̀, ó pàtẹ́wọ́. "Ṣé mi ò sọ? Ìwọ̀-oòrùn!"

"Ìlà-oòrùn ni mo ti bù ú. Odò ti ya síbẹ̀ láti ìgbà òjò ńlá yẹn. Gbogbo ẹsẹ̀ ògiri ló ti dúdú."

Télọ̀ bu iyanrìn náà díẹ̀, ó ń fi ìka lọ̀ ọ́, bó ṣe máa ń rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣe é. Ó fa téèpù kúrò lọ́rùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a títí ó fi ká a tán.

"Ọkọ mi kúnlẹ̀ fún mi," ló wí. "Ó búra. Mo ní ṣé ohun tó ń sọ ni pé ọ̀rẹ́ mi purọ́."