Yàrá Tí A Kò Gbọdọ̀ Ti Rẹ́rìn-ín

Ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi kì í ṣe kékeré. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, ẹ̀rọ náà ló kọ́kọ́ béèrè omi tútù. Ilé ni mo ń kùn jẹun, àmọ́ ẹnu mi ń ṣiṣẹ́ ju búrọ́ọ̀ṣì mi lọ. Ìyàwó mi ní bí ẹnu bá ń mu epo bíi mọ́tò, tèmi ìbá ti mu gbogbo ilé epo ìlú yìí gbẹ.

Ọmọbìnrin kan wá sí ilé ìwòsàn wa láti yunifásítì. Oyè kejì ló ń kà, ó sì fẹ́ mọ ohun tí ìrònú, ìdánìkanwà àti ẹ̀rín ń ṣe sí ara ẹni tí àìsàn rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀. Gíláàsì ojú rẹ̀ nípọn débi pé ó lè fi rí ọ̀túnla. Mo sọ ọ́ ní Onígíláàsì. Òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, Gògòrò, ṣẹ́ gègé, wọ́n pín àwa ẹlẹ́jẹ̀ ríru sí yàrá méjì. Àwọn ará yàrá kìíní á máa tàkúrọ̀sọ, wọn á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn ti yàrá kejì á jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà, wọn á wọn ẹ̀jẹ̀ gbogbo wa, wọn á fi yàrá kan wé ìkejì.

Gègé gbé èmi jù sí yàrá ìdákẹ́jẹ́. Ẹ ò rí ayé!

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ nǹkan kan o," Onígíláàsì bẹ̀ mí.

"Èmi? Ọmọ mi, òkúta á máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi."

Kò tíì ti ilẹ̀kùn tán tí ìyá oníbúrẹ́dì tó jókòó tì mí fi hanrun. Mo ní, "Ta ló tan jẹnẹrétọ̀ níbí?" Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Awakọ̀ àgbà kan, tí kò rẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, rín in títí eyín àtọwọ́dá rẹ̀ fi fò jáde, ó balẹ̀ sínú báàgì ìyá oníbúrẹ́dì.

Bá a ṣe ń bá a lọ nìyẹn ní gbogbo ìgbà tá a bá pàdé, títí Gògòrò fi pariwo níta pé, "Kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ àwọn tó dákẹ́ ń wálẹ̀ bíi tàwọn tó ń rẹ́rìn-ín?" Onígíláàsì já ilẹ̀kùn wọlé. Ó bá mi níbi tí mo ti ń ṣe bíi dókítà tí abẹ́rẹ́ ń bà lẹ́rù.

Kò bínú. Ó kàn jókòó, omi lé ròrò sójú ẹ̀.

"Bàbá, tí ẹ̀yin náà bá ń rẹ́rìn-ín níbí, kí ni mo fẹ́ fi wé kí ni? Ọ̀gá mi ní tí yàrá méjèèjì bá rí bákan náà, òun ò ní gba iṣẹ́ náà. Mi ò ní gboyè nìyẹn."

Mo ṣèlérí pé mo ti yadi. Nígbà tá a tún pàdé, mo fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú bíi táyà. Ìyá oníbúrẹ́dì kàn wo ojú mi báyìí, ó bú sẹ́rìn-ín, pùù! Awakọ̀ náà bá a rín in. Ìdákẹ́jẹ́ mi tún burú ju ọ̀rọ̀ mi lọ!

Mo dìde, mo pe Onígíláàsì. "Ọmọ mi, yọ èmi kúrò níbí, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun."

"Ṣé ó dá yín lójú, Bàbá? Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ràn ibí."

"Ṣebí dókítà ní kí gbogbo wa dín iyọ̀ kù? Èmi ni iyọ̀ ọ̀hún."

Ọ̀gá wọn gbà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bẹ́ǹṣì ìta di tèmi. Yàrá kìíní ń hó, ẹnu ń yún mi bíi pé èèrà kó síbẹ̀. Yàrá kejì dákẹ́ débi pé mo gbọ́ tí eṣinṣin kan ń tọrọ àforíjì.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, Onígíláàsì jó jáde, gíláàsì ẹ̀ ń fò lójú.

"Ó yàtọ̀, Bàbá! Ẹ̀jẹ̀ àwọn tó rẹ́rìn-ín wálẹ̀ dáadáa! Ọ̀gá mi ti gbà á!" Ó fà mí lọ́wọ́. "Ó yá, ẹ dìde."

"Ká lọ síbo?"

"Yàrá kejì. Òfin iṣẹ́ wa ni pé ohun tó bá ṣe àwọn yòókù láǹfààní, àwọn tó dákẹ́ náà gbọ́dọ̀ rí i gbà. Ẹ̀yin ni ẹ máa fún wọn."

Àwàdà tí mo ti kó jọ sínú láti ọjọ́ yẹn, oyún ìbẹta kò tó o. Mo wọlé. Kí n tó la ẹnu, awakọ̀ àgbà ti yọ eyín ẹ̀, ó ti kì í bọ àpò.

"Mo ti múra," ló wí. "Ẹ máa sọ ọ́."