Ẹni Tó Dé Fìlà Ò Sí Nílé

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé kíkọ, àmọ́ kò ní yàrá tó lè máa kọ ọ́ sí. Yàrá kan àti pálọ̀ ni gbogbo ilé wọn. Orí tábìlì ìjẹun ní pálọ̀ ló ti ń kọ̀wé. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ní pálọ̀ yẹn kan náà. Níbẹ̀ náà ni ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ti ń ṣeré. Lọ́yà ni wọ́n ń pe ọmọ yìí, nítorí láti ọjọ́ tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ ni kò ti gbà fún ẹnikẹ́ni. Bí òǹkọ̀wé ṣe di Bàbá Lọ́yà nìyẹn, tí aránṣọ di Ìyá Lọ́yà, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn káàkiri pálọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé iṣẹ́ ìwé kíkọ kò jọ iṣẹ́ rárá. Ẹni tó bá ń ránṣọ, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ẹni tó bá ń kọ̀wé, ṣe ló máa jókòó tí á tẹjú mọ́ ògiri bí ẹni tí ògiri jẹ ní gbèsè. Nítorí náà gbogbo ayé ló ń bá a sọ̀rọ̀. Àwọn oníbàárà á gbé ọmọ lé e lẹ́sẹ̀ kí wọ́n tó lọ wọn aṣọ. Onílé á wá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ páìpù omi fún un látìbẹ̀rẹ̀. Bí Ìyá Lọ́yà bá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ń ṣiṣẹ́," wọ́n á wo tábìlì, wọ́n á wo ògiri, wọ́n á wá béèrè pé, "Iṣẹ́ wo?"

Ohun tó bí fìlà nìyẹn. Fìlà òwú pupa ni, ó ní bọ́ọ̀lù kékeré kan lórí. Lọ́yà ni ìyá rẹ̀ hun ún fún, ó sì hun ún di nǹkan tó tóbi ju orí ọmọ lọ, tó tún há mọ́ àgbàlagbà. Lọ́jọ́ kan tí òǹkọ̀wé fẹ́ bú sẹ́kún nítorí ìpínrọ̀ kan ṣoṣo tí kò lè parí láti àárọ̀, ìyàwó rẹ̀ fi fìlà náà dé e lórí.

"Tí fìlà yìí bá ti wà lórí yín, ẹ ò sí nílé," ó ní. "Mi ò sọ pé ẹ wà nílé tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ o. Ẹ ò sí nílé rárá."

Lọ́yà fẹ́ mọ ibi tí òfin náà mọ. "Ó kan onílé?"

"Ó kàn án," ni bàbá rẹ̀ dáhùn.

"Ó kan bùrọ̀dá mọ́mì tó ni ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà?"

"Òun gan-an ló kàn jù."

Inú Bàbá Lọ́yà ti wá dùn kọjá bó ṣe yẹ. Ó na ọwọ́ sókè, ó ní, "Kódà kó jẹ́ ìyá mi!" Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ o, ẹnikẹ́ni ò fi ipá gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Kò sí ẹ̀bùn ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ aránṣọ, nítorí náà fìlà yìí ní àdéhùn tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ìyá Lọ́yà ń wá ẹni tó máa bá a jókòó ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, ó sì ti pẹ́ tó ti ń wo àna rẹ̀ tó ń wo ògiri yìí. Ìwé Bàbá Lọ́yà ku orí kan péré, òpin oṣù sì ni àwọn atẹ̀wé fẹ́ gbà á. Ìyàwó rẹ̀ ní òun á mú sùúrù títí di ìgbà náà. Àmọ́ tó bá lanu sọ̀rọ̀ tòun ti fìlà lórí, tàbí tó bọ́ ọ kí òun tó pè é pé kó wá jẹun, fìlà ti parí nìyẹn, ìwé ti parí bó ṣe wà, ọjọ́ Ajé tó bá tẹ̀ lé e ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í po ọ̀dà. Bàbá Lọ́yà gbà. Ó ti bá wọn ta ọ̀dà fún ọjọ́ kan rí, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n bá a níbi tó jókòó sí, tó ń ronú orúkọ tó yẹ kí wọ́n sọ àwọ̀ ewé kan, láìta ẹyọ agolo kan.

Òfin náà ṣiṣẹ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Onílé wá, wọ́n ní Bàbá Lọ́yà ò sí nílé. Ó ní kò burú, òun á dúró dè é. Ó fìdí lélẹ̀ sórí àga tó kọjú sí i, ó mu omi, ó mí kanlẹ̀, nígbà tó sì sú u, ó tẹ̀ síwájú, ó bá Bàbá Lọ́yà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Ọkùnrin yìí kì í gbélé. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un pé mò ń wá a."

Bàbá Lọ́yà ò lè mi orí pàápàá.

Ká tó wí, ká tó fọ̀, fìlà ti di ti gbogbo ilé. Wọ́n ní kí Lọ́yà wá fọ abọ́, Lọ́yà dé fìlà. Ìyá rẹ̀ wá a kiri, ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó jáde lọ bi aládùúgbò bóyá ó rí ọmọ òun. Aládùúgbò na ìka sí ọmọ tó jókòó gbagidi sẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Lọ́yà ní, "Rárá, ìyẹn ò sí nílé," ó sì padà lọ fọ abọ́ náà fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, oníbàárà kan dé láti gba aṣọ tí aránṣọ ti búra pé yóò ti ṣe tán, aṣọ tí kò tíì fojú kan sísọ́ọ̀sì rí. Ìyá Lọ́yà já fìlà gbà lórí Lọ́yà, ó gbé e kọ́rí. Oníbàárà ti mọ òfin ilé náà. Ó dojú kọ ògiri, ó sì sọ fún un pé tí aránṣọ bá dé, kí ó sọ fún un pé ìhòòhò lòun máa wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ òun, ẹni tó bá sì béèrè, òun á júwe ilé aránṣọ fún un. Ìyá Lọ́yà ò mira.

Bí wọ́n ṣe ń bá a bọ̀ nìyẹn títí ó fi ku ìpínrọ̀ díẹ̀ kí ìwé parí. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni. Bàbá Lọ́yà dé fìlà, kálàmù rẹ̀ ń sáré, ó ti ń gbọ́ òórùn òpin. Ni ìyá rẹ̀ bá wọlé.

Ìlú mìíràn ni ìyá yìí ń gbé, lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ àgbà, kì í sì í wá láìránṣẹ́ ṣáájú. Báàgì kékeré kan ló gbé dání.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá! Ẹ kú ìrìn. Ṣé kò sí o? Ẹ ò tiẹ̀ pè wá."

"Àlàáfíà ni, ìyàwó mi. Ọmọ mi dà?"

Ìyá Lọ́yà wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ wo ìwé. Lọ́yà wo àwọn méjèèjì, kò mí, ó ń dúró kó rí bóyá òfin á ṣẹ́.

"Ọmọ yín ò sí nílé, Màmá," ni Ìyá Lọ́yà wí.

Ìyá náà rìn lọ síbi tábìlì. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí bọ́ọ̀lù orí fìlà fi fẹ́ kàn án nímú.

"Níbo ló lọ?"

"Ibi iṣẹ́ ni."

"Ibi iṣẹ́ náà jìn?"

"Ó jìn díẹ̀, Màmá."

"Pupa yìí ńkọ́?"

"Òun ni wọ́n ń dé lọ síbi iṣẹ́."

"Ó yé mi," ni ìyá wí. Ó sì yé e lóòótọ́. Òun ló bí i. Ó fa àga kan, ó jókòó. "Ó tiẹ̀ dára bí kò ṣe sí nílé. A máa lè sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣé ó ti sọ fún ọ pé òun ti wọ ilé ìwé girama kí òun tó ṣíwọ́ títọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì?"

Kálàmù dúró. Irọ́ ni! Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń tọ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì! Òun ló máa ń bá a gbé tìmùtìmù sóòrùn, tí gbogbo àdúgbò fi ń fi òun ṣẹ̀sín, ìyá rẹ̀ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ. Bọ́ọ̀lù orí fìlà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lọ́yà ti dojú bolẹ̀, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ìyá náà ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wo fìlà, ó tún fi ti ewúrẹ́ aládùúgbò tí ọmọ rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ ní kékeré títí ilẹ̀ fi ṣú kún un. Èyí tiẹ̀ jẹ́ òótọ́. Bàbá Lọ́yà fi eyín di ètè mú.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ìyá fọwọ́ nu ojú, kò sì gbé ọwọ́ náà kúrò kíá.

"Ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ ojú ni mo bá wá. Ti òsì ti lọ. Ti ọ̀tún ń múra àtilọ. Ọ̀la ni wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní ọsibítù ìlú yín yìí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé mo wà nílé tí mò ń di ẹrù. Mo sá ni."

"Màmá! A ò sì gbọ́?"

"A ní kí ẹ má gbọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ká jẹ́ kó parí ìwé rẹ̀ ná." Ó gbé báàgì rẹ̀ lé ẹsẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí. Wọ́n ní mi ò ní sùn tí wọ́n á fi ṣe é, mo máa lajú sílẹ̀ ni. Mi ò lè sọ ọ́ fún ọmọ mi, torí mo mọ ohun tó máa sọ. Á ní, 'Màmá, kò sí nǹkan.' Bó ṣe ń sọ nìyẹn nígbà tí bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Kò sí nǹkan, kò sí nǹkan, títí bàbá rẹ̀ fi kú mọ́ mi lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí inú mi fi dùn pé kò sí nílé."

Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́ tipẹ́.

"Mo kàn fẹ́ wo ojú rẹ̀ dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ kan tèmi ni. Nígbà tí kò sì sí, jẹ́ kí n wo ibi tó máa ń jókòó sí."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó sì ń wò ó. Ó wo iwájú orí rẹ̀, ó wo imú, ó wo irùngbọ̀n tí kò fá. Bàbá Lọ́yà rí nǹkan funfun tó bo ẹyinjú òsì ìyá rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pè é lórí fóònù, gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń béèrè bóyá dáadáa ni, tí ìyá rẹ̀ ń ní dáadáa ni. Ìwé rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó ku díẹ̀. Ó ronú kan agolo ọ̀dà tó tò gègèrè dé àjà ṣọ́ọ̀bù, ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó bọ́ fìlà.

"Ẹ kúulé o," ó ní. "Mo ti dé."

"Ẹ káàbọ̀," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. "Ẹ kú iṣẹ́." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, "Ọjọ́ Ajé o."

"Mo mọ̀."

Ó yíjú sí ìyá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu jù ti dé orí ahọ́n, ó gbé e mì. "Màmá, ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Inú ìyá náà ò dùn rárá. "Ta ló ní kó o tètè dé? Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán!" Ó na ọwọ́ sórí tábìlì, ó mú fìlà, ó gbé e lé orí gèlè rẹ̀, ó sì fà á wálẹ̀ bo etí méjèèjì.

Fóònù dún. Ẹ̀gbọ́n Bàbá Lọ́yà ni, ohùn rẹ̀ ń já. Ṣé Màmá wà lọ́dọ̀ wọn?

Bàbá Lọ́yà wo fìlà. "Ẹ̀gbọ́n mi, wọn ò sí nílé. Ẹ má bẹ̀rù, mo máa mú wọn dé ọsibítù lọ́la."

"Báwo lo ṣe fẹ́ mú ẹni tí kò sí nílé lọ?"

"Ẹ jẹ́ kí n wá nǹkan ṣe sí i."

Ẹni tí kò sí nílé náà jẹun alẹ́ dáadáa. Ó fi fìlà sùn, ó fi fìlà jí, ó sì fi fìlà wọ ọkọ̀ lọ sí ọsibítù láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, ó di apá aṣọ ọmọ rẹ̀ mú.

Nọ́ọ̀sì jáde. "Màmá, ẹ bọ́ fìlà yẹn, ká wọlé." Màmá ò mira. "Àbí ẹ̀yin kọ́ la fẹ́ ṣe ojú fún?"

Bàbá Lọ́yà ló bá a dáhùn. "Wọn ò sí nílé, nọ́ọ̀sì."

"Ta wá ni mò ń wò yìí?"

"Ojú yẹn ni wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n ní kí ẹ máa bá wọn ṣe é lọ. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á bá a pé ẹ ti parí ẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wò ó. Ó wo màmá, ó wo ọwọ́ tó di apá aṣọ mú, ó rí i pé ọwọ́ náà ti ń tú díẹ̀díẹ̀. Ó fa fìlà ọsibítù aláwọ̀ ewé yọ nínú àpò, ó fi bo fìlà pupa náà mọ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù orí rẹ̀ yọ gòǹgò lábẹ́ rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní, ó sì gba ọwọ́ màmá mú. "Ẹ jẹ́ ká tètè ṣe é kí wọ́n tó dé."

Wọ́n wọlé, ilẹ̀kùn pa dé. Bàbá Lọ́yà jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi, ó sì jẹ́ kó máa bà á.