Sítíárìn Tó Mọ Ọwọ́ Ọkọ Mi

Láti ìgbà tí dókítà ti kìlọ̀ fún ọkọ mi pé kó fi iṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ nítorí èjìká rẹ̀, mi ò rójú nínú ilé ara mi mọ́. Ọkùnrin tó ti ń wa ọkọ̀ lójú omi láti ìgbà èwe ṣàdédé jókòó tì mí nínú yàrá ìgbàlejò. Ó ní kí n gbé àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mo gbé e. Ó wò ó títí, ó ní kí n dá a padà. Ó wọlé bá mi ní ilé ìdáná, ó ṣí ìkòkò mi wò, ó ní iná ti pọ̀ jù. Ọbẹ̀ tí mo ti ń sè fún un láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra!

Ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì wà, ẹ́ńjìnnì náà sì ní ọwọ́ gígùn kan. Ẹni tó bá fẹ́ wà á ní láti jókòó sí ìdí ọkọ̀, kó na apá sẹ́yìn, kó di ọwọ́ náà mú gírígírí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe ń gbọ̀n ni èjìká náà ń gbọ̀n, bó ṣe ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn, títí èjìká fi ní òun ò ṣe mọ́. Ọkọ mi wá ní òun máa ta ọkọ̀ náà. Ọkùnrin kan tó ní òtẹ́ẹ̀lì ní òdìkejì odò, Ọlọ́tẹ́ẹ̀lì ni gbogbo wa ń pè é, ti ń fojú sí i tipẹ́, ó fẹ́ máa fi gbé àlejò. Wọ́n fi àdéhùn sí ọjọ́ Sátidé. Ọkọ mi sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ pé òjò máa rọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò jẹ oúnjẹ tán nínú àwo mọ́. Mo mọ ẹni tí mo fẹ́. Tí ọkọ̀ yẹn bá lọ, ìdajì rẹ̀ ló máa bá a lọ, ìdajì tó kù yóò sì máa ṣí ìkòkò mi wò.

Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì ilé ìwé ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sì sí ọmọ ẹnikẹ́ni tó fara pa lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo mọ̀ nípa sítíárìn, ó pọ̀ ju ohun tí ọkọ mi fẹ́ gbọ́ lọ.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi sítíárìn sí i," mo sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Sí kí ni?"

"Sí ọkọ̀ yín. A ó kan àpótí sí àárín, sítíárìn á wà lórí ẹ̀, okùn á gbé e lọ bá ẹ́ńjìnnì. Ẹ ó jókòó, ẹ ó kọjú síwájú bí ọmọ èèyàn."

"Bọ́ọ̀sì ni ìwọ ń wà. Odò kì í ṣe títì."

"Èjìká yín náà kì í ṣe irin."

Ó dákẹ́. Nínú ilé wa, tí ọkọ mi bá ti dákẹ́, ó ti gbà nìyẹn, àmọ́ kò ní fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Mo ránṣẹ́ pe àbúrò mi ọkùnrin. Káfíńtà ni. Tún-un-wọ̀n ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kò sí pákó tó máa gé tí kò ní kọ́kọ́ wọ̀n, kó tún un wọ̀n, kó wá sinmi díẹ̀, kó tún wọ̀n ọ́n. Ó ti ọkọ̀ náà wá sí ẹ̀yìnkùlé wa lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Pákó pílàì tó nípọn ló gé, ó fi sáńpépà dán an títí ó fi ń yọ̀ lọ́wọ́, ó fi gọ́ọ̀mù sí gbogbo oríkèé rẹ̀. Àpótí náà ga dé àyà èèyàn tó bá jókòó, orí rẹ̀ dà sẹ́yìn díẹ̀, ó sì ní ilẹ̀kùn kékeré níwájú tí ọkọ mi lè kó tọ́ọ̀ṣì àti ẹ̀wù òjò sí. Ó kọ́kọ́ tẹ́ pákó míì sábẹ́ kó tó dè é mọ́lẹ̀, kí síkúrù má baà lu inú ọkọ̀ já. Síkúrù kan ṣoṣo tó bá gùn jù, garawa la ó máa fi gbọ́n omi.

Ọkọ mi ní òun ò lọ́wọ́ sí i. Síbẹ̀, àràárọ̀ ló ń gbé àga rẹ̀ wá sí ẹ̀yìnkùlé.

"Pákó yẹn wọ́," ó wí.

"Kò wọ́ o, Bàbá," Tún-un-wọ̀n dá a lóhùn.

"Mo ní ó wọ́."

Tún-un-wọ̀n tún un wọ̀n. Ó wọ́ lóòótọ́, bí ẹni pé irun kan ló há sí abẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi kọjú sí ògiri fún ìgbà díẹ̀ kí a má baà rí i pé inú òun ń dùn.

Ní ti sítíárìn, ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì ni mo ti lọ tú u, lára bọ́ọ̀sì mi àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì síbẹ̀. Mo mọ ibi tí ọwọ́ mi ti jẹ ẹ́ lára. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú àpótí, Tún-un-wọ̀n fi igi róbótó kan sí i tó tó agolo mílíìkì, ó wé okùn mọ́ ọn. Orí okùn kan gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ọkọ̀ lọ, èkejì gba ẹ̀gbẹ́ òsì, àwọn méjèèjì pàdé lára ẹ́ńjìnnì. Bí o bá yí sítíárìn, igi á yí, okùn kan á fà, èkejì á dẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì yà. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Mo kun àpótí náà ní funfun, mo fi ọ̀dà búlúù fa ìlà yí i ká, torí pé nǹkan tó bá dára, ó yẹ kó tún lẹ́wà.

Ọjọ́ tí a dán an wò, èmi ni mo kọ́kọ́ wà á. Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn! Mo yí i sọ́tùn-ún, ó lọ sọ́tùn-ún. Mo yí i sósì, ó gbọ́. Mo pariwo lórí omi bí ọmọdé. Mo padà sí èbúté, mo dìde fún ẹni tó ni ín.

Ọkọ mi ò wa mọ́tò rí láyé rẹ̀. Ó jókòó, ó di sítíárìn mú, ó fi ojú wá ọ̀nà. Ọ̀tún ló yẹ kó yà kó lè kúrò ní èbúté. Òsì ló lọ, ó kó wa wọ inú koríko etí omi. Ó tún yí i sí i kó lè jáde, ọkọ̀ tún wọnú koríko lọ sí i. Nígbà tó fi máa yọ wá jáde, tó ní kí òun gúnlẹ̀, ó forí ọkọ̀ sọ táyà tí wọ́n so mọ́ èbúté, gbì! Àwọn èèyàn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá, ṣé inú koríko lẹ ti ń wá ẹja báyìí ni?" ẹnì kan kígbe.

Ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. "Mi ò fọwọ́ kan nǹkan yẹn mọ́," ó sọ ọ́ lójú gbogbo wọn. "Kí Ọlọ́tẹ́ẹ̀lì máa bọ̀ ní Sátidé."

Inú mi bàjẹ́, inú sì bí mi pẹ̀lú. Ọkùnrin tó mọ ojú odò ju ojú ìyàwó rẹ̀ lọ, kí ló dé tí kò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì?

Ọjọ́ kejì ni mo rí ìdáhùn, nígbà tí mo ń bu tíì fún òun àti Tún-un-wọ̀n. Ọkọ mi ń sọ ìtàn ìtì igi kan tó léfòó wá bá a lójú omi, tí ọkọ̀ kún fún èrò. Ìtàn yẹn, mo ti gbọ́ ọ títí ó ti sú mi.

"Mo rí i lọ́ọ̀ọ́kán," ó ń wí, "mo yà sọ́tùn-ún, fíà! Òmíràn tún yọ, mo yà sósì!"

Mo wò ó, kọ́ọ̀bù dúró sí mi lọ́wọ́. Ó na apá tó sàn sẹ́yìn bí ẹni tó di ọwọ́ ẹ́ńjìnnì mú. Nígbà tó ní òun yà sọ́tùn-ún, òsì ni ọwọ́ yẹn lọ. Nígbà tó ní òun yà sósì, ọwọ́ lọ sọ́tùn-ún.

"Bàbá, ẹ tún un sọ."

"Èwo?"

"Ti ìtì igi."

Kò sí ẹni tí mo lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún tí inú rẹ̀ máa dùn tó bẹ́ẹ̀. Ó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Bí ọwọ́ ẹ́ńjìnnì ṣe rí nìyẹn, tí o bá tì í sósì, imú ọkọ̀ á kọjú sọ́tùn-ún. Ohun tí ọwọ́ ọkọ mi ti ń ṣe láti èwe nìyẹn, láìronú sí i. Èmi ni mo wá lọ tú sítíárìn bọ́ọ̀sì wá, tí mo ní kí ọwọ́ náà gbàgbé gbogbo rẹ̀ láàárín ọ̀sán kan.

Mo fa Tún-un-wọ̀n lọ sí èbúté.

"Tú okùn yẹn, kí o tún un wé sódì."

"Sódì kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n bá yí i sọ́tùn-ún, ọkọ̀ á máa lọ sósì o!"

"Ohun tí mo fẹ́ gan-an nìyẹn."

"Mi ò ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Kí ni màá sọ tí wọ́n bá bi mí?"

"Sọ pé o wọ̀n ọ́n."

Ó ṣe é, ó ń kùn. Nígbà tó parí, ó ní tí ẹnikẹ́ni bá béèrè, òun ò sí níbẹ̀. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Tí mo bá sọ, á ní òun kì í ṣe ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń tún nǹkan ṣe fún. Ó sì ti búra lójú gbogbo èbúté pé òun ò fọwọ́ kàn án mọ́, kò ní fẹ́ kó dà bíi pé òun kó ọ̀rọ̀ òun jẹ.

Sátidé pé. Ọlọ́tẹ́ẹ̀lì dé pẹ̀lú fìlà funfun àti awò dúdú. Èèyàn dáadáa ni, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó fọwọ́ pa àpótí náà, ó yìn ín, ó ní kí wọ́n wà á wò fún òun.

Ọkọ mi yíjú sí mi. "Ìyá Bọ́ọ̀sì, wà á fún wọn."

Tí èmi bá fọwọ́ kàn án báyìí, inú koríko ni gbogbo wa máa sùn.

"Èmi kẹ̀?" mo ní. "Ọkọ̀ ta ni? Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sọ níbí pé obìnrin ló bá yín fi ọkọ̀ yín hàn?"

Ó fajú ro, ó wo àwọn tó wà ní èbúté, wọ́n ti ń kóra jọ láti wo eré. Ó wọlé, ó jókòó. Ọlọ́tẹ́ẹ̀lì wọlé, èmi àti Tún-un-wọ̀n náà wọlé. Ọkọ mi di sítíárìn mú bí ẹni tó di ejò mú. Ó fẹ́ yà sọ́tùn-ún. Ọwọ́ rẹ̀ lọ síbi tó ti máa ń lọ, ọkọ̀ sì yà sọ́tùn-ún, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó yà sósì. Ọkọ̀ gbọ́. Ó fi kún eré, ó yí igi àmì tó wà láàárín odò po, ó tún un yí po láti òdìkejì, ó wá gba ibi tóóró tó wà láàárín ọkọ̀ méjì tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kọjá, kò kan èyíkéyìí. Ó gúnlẹ̀ sí èbúté, táyà kò tilẹ̀ mì. Ẹ̀rín kún gbogbo ojú rẹ̀. Mi ò rí irú ẹ̀rín yẹn láti ọjọ́ tí a ti lọ rí dókítà, omi sì bọ́ lójú mi níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló rántí ẹni tó jókòó tì í, ẹ̀rín náà sì lọ.

"Bàbá, ọkọ̀ yìí mà dára o," Ọlọ́tẹ́ẹ̀lì wí. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà tọ́ ọ wò."

Ẹni tó ń wa mọ́tò ni. Ó yí sítíárìn sọ́tùn-ún bí gbogbo onímọ́tò, ó sì gbé wa wọ inú koríko tààrà. Ó tún yí i sọ́tùn-ún sí i, a tún wọlé sí i. A jáde, a yí po, a fẹ̀yìn lọ síbi tó yẹ ká forí lọ, a kọlu táyà, fìlà funfun sì ré bọ́ sínú omi. Àwọn ará èbúté ń mú inú dání, ẹ̀rín ń pa wọ́n.

"Kí ló ṣe ọkọ̀ yìí?" Ọlọ́tẹ́ẹ̀lì pariwo. "Kò fẹ́ gbọ́ tèmi!"

Tún-un-wọ̀n ò lè gbà kí wọ́n máa bú iṣẹ́ òun. "Ọ̀gá, okùn yẹn ni, tí a bá kàn…" Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ mi ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré ara àpótí, ó ń wo okùn. Kò sí ohun tí okùn lè fi pa mọ́ fún un. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó gbé orí sókè, èmi ló wò, ó wò mí títí mi ò fi mọ ibi tí màá gbé ojú sí.

"Ó ṣeé tún ṣe," ó sọ fún Ọlọ́tẹ́ẹ̀lì. "Iṣẹ́ kékeré ni, á máa lọ bí mọ́tò yín. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Mi ò tà á mọ́. Ọwọ́ tèmi ni ìyàwó mi ní kí wọ́n ṣe é fún."

Ọlọ́tẹ́ẹ̀lì wo ọkọ mi, ó wò mí, ó fọwọ́ kan orí ara rẹ̀ tí kò ní fìlà mọ́. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ bá mi mú fìlà mi jáde, ká fi parí ẹ̀."

Ọkọ mi wa ọkọ̀ lọ bá fìlà náà, ó dúró tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́lẹ́, Ọlọ́tẹ́ẹ̀lì kàn na ọwọ́ mú un ni.

Nígbà tí Ọlọ́tẹ́ẹ̀lì àti Tún-un-wọ̀n sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté, tó ku èmi àti ọkọ mi lórí omi, ó dìde lórí àga náà.

"Jókòó síbí," ó ní. "Tí apá kejì bá tún dá iṣẹ́ sílẹ̀, ta ló máa wà á?"

Mo jókòó. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo fi wa bọ́ọ̀sì, inú koríko ni mo kó wa lọ. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Lẹ́yìn náà ó wá dúró sẹ́yìn mi, ó fi ọwọ́ lé ọwọ́ mi lórí sítíárìn ara mi.

"Sósì, Ìyá Bọ́ọ̀sì," ó ní. "Tí o bá fẹ́ lọ sọ́tùn-ún, sósì ni."