Apá Àga Bàbá Lọ́yà

Nínú ilé iṣẹ́ tọkọtaya kan, òfin kan ṣoṣo ló wà: igi kan náà ló gbọ́dọ̀ bí gègé ìkọ̀wé àti àpótí rẹ̀. Ọkọ ló máa ń kọ́kọ́ gé tirẹ̀ láti àárín igi, èyí tó nípọn tó àtàǹpàkò. Á dá ihò sí i, á ki ọ̀pá idẹ bọ̀ ọ́, á gbé e sẹ́nu ẹ̀rọ tó ń yí bí òòyì, á sì fi irin ẹnu mímú gbẹ́ ẹ. Èyí tó bá kù ni ìyàwó á fi ayùn là sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, á fi kan àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ àrán sí nínú. Bí ènìyàn bá gbé gègé náà sínú àpótí, ìlà ara igi á bára mu gẹ́ẹ́, bíi pé wọn ò gé e rí. Ìdí nìyí tí àwọn ará àdúgbò fi ń pe ọkọ ní Bàbá Gègé, tí wọ́n ń pe ìyàwó ní Ìyá Àpótí. Nígbà tó yá, àwọn méjèèjì ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá wọlé tó béèrè bírò, ó ti ba Bàbá Gègé nínú jẹ́ nìyẹn. Á ní, "Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta súìtì ni wọ́n ti ń ra bírò. Gègé la ń ṣe níbí."

Ṣùgbọ́n eruku igi ti jẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Kò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́, orí ìjókòó ló ń sùn. Bó bá rìn díẹ̀, èémí rẹ̀ á máa dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo. Dókítà ò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: "Bàbá, ẹ̀rọ yẹn àti ẹ̀mí yín, ẹ mú ọ̀kan." Lọ́jọ́ náà ni Ìyá Àpótí fi aṣọ bo ẹ̀rọ, tó sì fokùn dì í pinpin.

Àfìgbà tí Lọ́yà dé. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan ni, lọ́yà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yàn sípò adájọ́. Ó gbá nǹkan kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Apá àga ni, ìrókò ni wọ́n fi ṣe é, orí rẹ̀ sì ń dán níbi tí ọwọ́ ẹnì kan ti máa ń sinmi lé e.

"Àga bàbá mi nìyí, ikán ti jẹ ìyókù," ó ní. "Gègé tí màá fi buwọ́ lu ìdájọ́ àkọ́kọ́ ni mo fẹ́, mà, àti àpótí rẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ o, ọkọ mi ò ṣiṣẹ́ mọ́..."

Bàbá Gègé ti nawọ́ gbà á. Ó gbóòórùn igi náà, ó fi itọ́ ra á lára kó lè rí àwọ̀ tí yóò ní bó bá dán tán. Ojú rẹ̀ tàn. "Ìyá Àpótí, o gbọ́? Gègé ló pè é. Kò pè é ní bírò!"

Nígbà tí Lọ́yà lọ tán, ìyàwó yíjú sí i. "Ṣé ẹ fẹ́ kú ni?"

"Ẹyọ kan péré. Màá bo imú."

"Imú tó ń wá afẹ́fẹ́ kiri lẹ tún fẹ́ bò?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọkọ sùn lọ lórí ìjókòó, àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò bíi ti ẹyẹ tí wọ́n dì mú. Ìyá Àpótí gbé ayùn. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, òun ò tíì gé igi ṣáájú ọkọ rẹ̀ rí. Ó la gbogbo apá àga náà sí pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, títí kò fi sí èyí tó nípọn tó gègé nínú wọn.

Bàbá Gègé jí, ó yí àwọn pákó náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Gègé dà?"

"Kò sí. A ó sọ fún Lọ́yà pé igi ló là. A ó ra èyí tó dáa sínú àpótí."

"Bírò?"

"Bírò ni! Bírò ò pa ọkọ ẹnikẹ́ni rí."

Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Kò bínú, ọkàn ìyàwó sì balẹ̀. Ọkọ tiẹ̀ jókòó tì í nígbà tí ìyàwó ń kan igun àpótí, ó ń yìn ín. Àpótí parí, ó ku àrán. Ìyá Àpótí jáde lọ rà á.

Nígbà tó padà, ó ti ń gbọ́ ìró ẹ̀rọ láti ìta. Ó sáré wọlé. Ẹ̀rọ ń yí lásán, kò sí igi lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ jókòó sílẹ̀, eruku bo irun ojú rẹ̀, ìbòmú rọ̀ sọ́rùn rẹ̀. Ó ti tú àpótí palẹ̀. Ó ti fi gọ́ọ̀mù tó ń gbẹ kíá lẹ àwọn pákó náà léra wọn, ọ̀kan lórí èkejì, títí wọ́n fi nípọn, ó sì ti gbẹ́ wọn di gègé.

"Wò ó," ó ní. "Ó ń kọ̀wé."

"Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rọ̀."

Awakọ̀ kan bá a gbé e dé ilé ìwòsàn. Wọ́n fi ọ̀pá afẹ́fẹ́ sí i nímú. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò ṣú bá a.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, ìyàwó ṣí ṣọ́ọ̀bù, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbálẹ̀. Ó mọ eruku tí gègé kan máa ń fi sílẹ̀: ẹ̀kúnwọ́ kan ni. Eléyìí kún garawa, ó tún ṣẹ́ kù nílẹ̀. Ó dúró, ó di ìgbálẹ̀ mú. Odidi igi máa ń gbọ́ ti irin ẹnu mímú wéré. Èyí tí wọ́n bá lẹ pọ̀ ni wọ́n ń ha díẹ̀díẹ̀, tí wọ́n ń fi sánpépà bá jà, tí gọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ń bá eruku fò sínú imú.

Ibẹ̀ ni Lọ́yà bá a.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Bàbá ńkọ́?"

"Wọn ò sí mọ́."

Lọ́yà wá ibi tí yóò jókòó sí, kò rí. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó kàn ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà, ẹ pẹ̀lẹ́," títí Ìyá Àpótí fi gbé gègé náà lé e lọ́wọ́. Lọ́yà fìka tọ àwọn ìlà ara rẹ̀.

"Àpótí rẹ̀ ńkọ́, mà?"

"Òun lẹ dì mú yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà ò yé e, kò sì fẹ́ yọ opó lẹ́nu. "Ó ti ní láti gbà wọ́n lásìkò gan-an. Àwọn ìlà yìí dà bí ojú ìwé tí wọ́n tò léra."

"Ká ní odidi igi ni, kì bá pẹ́."

"Ta ló wá gé e, mà?"

"Èmi ni."

Omijé lé sójú Lọ́yà. Ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Ẹ ṣeun gan-an, mà. Gígé yẹn ló jẹ́ kó rẹwà tó báyìí."

Ìyá Àpótí gba gègé, ó mú àrán náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi wé gègé. Ó wé e, ó tú u, ó tún un wé, nítorí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di gègé láìsí àpótí.